Ẹni Tó Ń Di Ìdí Pákó Mú

Ilé wa, Addo, Ajah.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kámọ́rù ọmọ mi, Àlàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó mi Mọ́rẹ́nikẹ́ ńkọ́? Èmi wà ńbí, ara le, ẹnu ń jẹun, orúnkún nìkan ló ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ dìde. Mo rí àwòrán ayùn oníná méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní kí n bá ọ mú ọ̀kan, torí pé ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ nítòsí èbúté tí o ti ríṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, o sì fẹ́ máa fi igi ṣe nǹkan bí o bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù náà lọ han ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójúde wa. Ó wò ó títí, ó ní, "Màmá Kámọ́rù, ẹ̀rọ ìlọta wo ló tóbi tó báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwòrán náà lo wá kọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì fèsì sí. Mo ti sọ fún ọ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní kí n kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Mo sì sọ fún ọ pé ọkùnrin kan láti Igbó Ẹfọ̀n fẹ́ ra pákó àpà ńlá tí bàbá rẹ fi sílẹ̀. O fèsì pé, "Màámi, ẹ tà á jàre. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ rà yìí, mi ò ní nílò ẹnikẹ́ni tó máa bá mi di ìdí igi mú mọ́. Èmi nìkan á máa dá a ṣe." Mo kà á, mo tún un kà. Ọkùnrin náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ń retí ohun tí mo máa sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà àti bírò. Bí mo bá gba ohùn sílẹ̀ fún ọ lórí fóònù, màá sunkún sí i, o ò sì ní gbọ́ ohun tí mo ń wí.

Mo mọ̀ pé nítorí pé bàbá rẹ ò sí mọ́ lo ṣe wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ayùn. Télọ̀ ni mí, èmi kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí pákó tiwọn wà lẹ́yìn. Èmi ni mò ń rán aṣọ tìmùtìmù fún gbogbo àga tí wọ́n bá kàn. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí a kó kúrò létí títì wá sínú Addo, èmi ni mo gbé ìdí kejì tábìlì iṣẹ́ wọn. Gbogbo ayùn tí wọ́n rà, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe rà á, àṣìṣe tó sì wà níbẹ̀, a jọ jẹ ẹ́ ni. Nítorí náà jókòó, pe ìyàwó rẹ kó wá jókòó tì ọ́, kí ẹ jọ kà á.

Àkọ́kọ́, má fi ojú yan irinṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ tán tí ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi, ẹ̀rọ ìránṣọ tí òdòdó wúrà wà lára rẹ̀ ni mo sáré lọ rà. Ó ń dán gbinrin. Aṣọ tìmùtìmù àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ gbé fún mi, abẹ́rẹ́ kán sí i lára bí ìgbà téèyàn ń rán awọ màlúù. Mo jókòó, mo ń wo òdòdó wúrà. Nítorí náà, kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ máa gé ná. Bó bá jẹ́ férémù àwòrán nìkan, ayùn kékeré tí orí rẹ̀ kì í kúrò lójú kan ti tó ọ. Ṣùgbọ́n o ní pẹpẹ ìwé, o ní kọ́bọ́ọ̀dù, o tún ní tábìlì. Pákó ìwọ̀nyẹn fẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ ń yọ́ lórí ọ̀pá irin méjì, tí o lè fà wá sọ́dọ̀ ara rẹ kí o sì tì padà, òun ló lè gé wọn já lẹ́ẹ̀kan. Abẹ ńlá wuni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, bó bá sì kú, òmíràn wọ́n. Abẹ kékeré tó wà lórí ọ̀pá irin tó ń yọ́ dáadáa tó iṣẹ́ ilé. Nínú méjèèjì tí o fi ránṣẹ́, èyí tí abẹ rẹ̀ kéré, tí orí rẹ̀ ń yọ́, tó sì jẹ́ tuntun ni mo mú. Má tíì pariwo, mò ń bọ̀.

Ìkejì, mo mọ̀ pé èyí pupa ńlá yẹn, tòkúnbọ̀ yẹn, ló wù ọ́. Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́. Bàbá rẹ ra irú rẹ̀ rí, wọ́n gbé e wọlé bí ẹni gbé ìyàwó. Wọ́n ń pariwo, "Ìyá Kámọ́rù, fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ kó o wá wo nǹkan!" Wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ó ké bí ewúrẹ́, èéfín jáde, ó dákẹ́, kò sì fọhùn mọ́ títí dòní. Ó wà lára rẹ̀ gbangba pé ìdajì agbára iná tiwa ni wọ́n fi ń lò ó nílùú tí wọ́n ti kó o wá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ò mú gíláàsì ìkàwé dání, inú wọn sì ti dùn jù láti kàwé. Bí o bá rí 110 lára irinṣẹ́, fi í sílẹ̀ níbi tí o ti bá a, bí kò jẹ́ pé o ní tiransifọ́mà tó lè gbé e. Má sì tan ara rẹ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù yín á gbé ayùn. Iná tí ayùn ń gbà nígbà tó bá ń dìde kò ṣeé fẹnu sọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ògiri, èyí tí mo fi ń ṣe bàbá rẹ yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi lọ. Ayùn tó ń yọ́ kì í yọ́ síwájú nìkan, ó ń yọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú, ọ̀pá irin rẹ̀ sì ń fẹ́ àyè. Nígbà tí wọ́n wá ra èyí tó ń ṣiṣẹ́ gidi, wọ́n ti kan tábìlì rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin kí wọ́n tó gbé e lé e. Wọ́n ti orí rẹ̀ sẹ́yìn, gbàgà, ó kọlu ògiri. Ẹlòmíì á tú tábìlì. Bàbá rẹ mú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, wọ́n lu ihò méjì sára ògiri onílé kí ọ̀pá irin lè gba ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ kejì la gbọ́ ohùn Ìyá Síkírá aládùúgbò wa láti òdì kejì ògiri:

"Bàbá Kámọ́rù! Ẹ ò rí i pé irin yín ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni? Mò ń sáṣọ o!"

Bàbá rẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ sún díẹ̀, ó ku ẹyọ igi kan."

Ihò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Láàárọ̀, oòrùn máa ń gba inú wọn wọlé, á bọ́ sórí pákó àpà yẹn. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ wò ó nígbà míì, kí n tó ráyè ṣe iṣẹ́ kankan. Ìwọ wọn ẹ̀yìn ayùn kí o tó wọn iwájú rẹ̀.

Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ẹnu dídùn mú ọ. Fa orí rẹ̀ wá síwájú tán, kí o wá fi ọwọ́ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń jó, kì í gé tààrà, bó ti wù kó dán tó. Ní kó gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ọ níṣojú rẹ. Dojú ọ̀kan nínú ègé méjèèjì bolẹ̀, kí o tún fi ẹnu wọn kan ara wọn lórí ohun tó tẹ́jú. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn, igun rẹ̀ ò pé nìyẹn. Bí wọ́n bá lè tún un ṣe níṣojú rẹ, ó dáa. Bí wọn ò bá lè tún un ṣe, sọ fún wọn pé o ń bọ̀, kí o má sì padà. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń ṣe, ọlọ́jà a máa bínú, bàbá rẹ á ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lò ó."

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ṣòro fún mi láti kọ. Òkun wà nítòsí yín, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì níyọ̀. Ọ̀pá irin tí orí ayùn ń yọ́ lórí rẹ̀, bí iyọ̀ bá bà lé e, á dípẹtà. Kì í fẹ́ ju kí o máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí o fi òróró díẹ̀ pa á, kí o sì da nǹkan bò ó bí o bá ṣe tán. Bàbá rẹ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, mi ò sì lè wọbẹ̀. Mo máa ń rán aṣọ níwájú, màá kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà òjò kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá ṣí i, mo fa orí ayùn náà, kò lọ. Mo tún fà á. Ó ti dípẹtà mọ́ra. Mo jókòó sórí ìyẹ̀fun pákó, mo sunkún tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, torí lọ́jọ́ yẹn èrò pọ̀, ẹnì kan ń dì mí mú lọ́tùn-ún, ẹnì kan ń dì mí mú lósì. Ìgbà tí èrò lọ tán ni mo tó mọ̀ pé mo dá wà.

Mo dá wà, Kámọ́rù. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tán nínú mi. Mi ò ráhùn, o ń ṣe ojúṣe rẹ, o ń pè, o ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá se ọbẹ̀, ọwọ́ mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Bí mo bá jáde sí Ajah tí mo rí trélà tó dorí kọ ọ̀nà èbúté yín, mo máa ń dúró wò ó títí á fi lọ tán, bíi pé ó máa bá mi kí ọ.

Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Níbo ni mo bá a dé? Ojú àti ọwọ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ìwọ tí o fẹ́ sún mọ́ ọn, gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú ni kí o fi wò ó. Bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sílẹ̀. Jálàbíà tí o ń wọ̀ wálé láti mọ́ṣáláṣí, má wọ̀ ọ́ dé ìdí ayùn, apá rẹ̀ gbòòrò jù. Pákó tó bá kúrú jù, má fi ìka dì í mú, wá nǹkan fi há a. Bí o bá gé e tán, jẹ́ kí abẹ dúró pátápátá kí o tó gbé orí ayùn sókè, kí o tó na ọwọ́ mú ohunkóhun. Inú fùfù kò ṣiṣẹ́ káfíńtà rí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, pé ìwọ nìkan á máa dá a ṣe.

Bàbá rẹ ò lẹ́nu púpọ̀, o mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jẹun tán, "A dúpẹ́" ni, ó parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà nídìí pákó kan, tí èmi wà nídìí kejì, ẹnu wọn á là. Pákó gígùn ò ṣeé dá gé, ayùn ì báà dáa tó báwo, ẹnì kan ní láti gbé ìdí rẹ̀. Àárín ìdí méjèèjì yẹn la ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé mo lóyún rẹ, wọ́n sì gé pákó oníṣẹ́ wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé o ò ní kọ́ṣẹ́ káfíńtà, pé ilé ìwé lo máa lọ, bó bá gba pé kí àwọn ta irinṣẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò wá bá wọn di pákó mú lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ rìnrìn-àjò ni?"

Ìjà pàápàá, ibẹ̀ la ti ń parí rẹ̀. Nígbà tí o ṣì ń rá, a jà lórí ọ̀rọ̀ kan tó kan ẹbí wọn. A ò bára wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n bá pè mí pé kí n wá di pákó mú. Mo dì í mú tìbínú-tìbínú, mo gbé ìdí tèmi ga ju tábìlì lọ. Pákó fún abẹ ayùn mọ́ra, ayùn fò sókè, ó ta pákó dànù. Díẹ̀ ló kù kí ìka bàbá rẹ bá a lọ. Wọ́n pa iná, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ṣẹ́rífá, bí inú bá ń bí ọ, fi ẹnu sọ ọ́. Má fi igi sọ ọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó di ìdí pákó mú kì í gbé e ga, kì í jẹ́ kó rẹlẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kó dọ́gba ni. Bí o bá fẹ́ mọ bí èmi àti bàbá rẹ ṣe pẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀ ara wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ń ta ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé sí ọ̀tún àti òsì ayùn láti gbé pákó gígùn. Rà á, tàbí kí o kan tìrẹ, kó sáà ga dọ́gba pẹ̀lú tábìlì ayùn. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ irin ò ní sọ fún ọ pé, "Dúró, ọwọ́ rẹ ti sún mọ́ ọn jù." Kò ní bi ọ́ pé kí ló ń dùn ọ́ tí o fi ń gé igi wọ́ láti àárọ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Kò fẹjọ́ sùn o, má lọ bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ó kàn ní, "Màmá, bó bá ti jẹun tán, ó ti wà lẹ́yìnkùlé nìyẹn, ó ń wọn ibi tó máa gbé ẹ̀rọ sí." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn, télọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń rín in kí wọ́n tó pè é wá sẹ́yìn. Pè é wá sẹ́yìn. Ra gíláàsì ojú méjì. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n ṣe rí.

Ó wá ku pákó àpà yìí. Ọdún tí o wọ yunifásítì ni bàbá rẹ lọ rà á ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní tábìlì ìjẹun tí o máa gbé wọ ilé ìyàwó rẹ ló máa dà. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ nídìí kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń yí i padà, èmi nídìí kan, àwọn nídìí kejì, títí ó fi gbẹ tí ó ń dún kókó bí a bá kàn án. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sáàárín rẹ̀, ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ni àìsàn dé, ó sì gbé wọn lọ. Ìlà náà ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì tún un fà, torí ọwọ́ mi kọ́ ni ọwọ́ wọn. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á ní òun máa là á sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún kàǹtà ọtí. Kò burú, iṣẹ́ lòun náà ń wá.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mi ò lè dá gé e, o ò sì ní ìdí láti dá gé e níwọ̀n ìgbà tí mo wà láyé. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Ra ayùn tuntun kékeré náà. Gbé e sínú ọkọ̀, gbé ìyàwó rẹ sínú ọkọ̀, kí ẹ wá kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Èmi á di ìdí kan mú, Mọ́rẹ́nikẹ́ á dúró tì mí kó lè kọ́ ọ, ìwọ á sì gé e lórí ìlà bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà ẹ kó o lọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè wá gba ṣọ́ọ̀bù wọn, tihò-tihò.

Bí iṣẹ́ ò bá sì jẹ́ kí o ráyè, fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n tà á. Màá tà á, mi ò ní bínú sí ọ, àdúrà mi lórí rẹ ò ní dín. Ṣùgbọ́n màá sọ fún ọkùnrin náà kó mú ẹlòmíì dání wá. Mo ti gbìyànjú láti gbé pákó náà sórí àga láàárọ̀ yìí kí n lè nù ún, ìdí kan ni mo rí gbé. Òun ló ṣì wà lórí àga báyìí, ìdí kejì wà nílẹ̀. Mi ò ní bá àlejò gbé e.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìka rẹ, kó ṣọ́ ilé rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣẹ́rífátù.